Bẹ́ńsì Àtijọ́ Nínú Òtútù Alaska

Ní ìlú Fairbanks, ní ìpínlẹ̀ Alaska lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wáyà iná máa ń yọ jáde níwájú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lásìkò òtútù. Bí èèyàn bá dé ibi iṣẹ́, yóò ki wáyà náà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà níbi ìgbọ́kọ̀sí kó tó wọlé. Ẹ́ńjìnnì ni iná yẹn ń mú gbóná. Òtútù ibẹ̀ a máa dé -40°C. Ẹni tó bá ní Bẹ́ńsì 300D oní-dísẹ́ẹ̀lì, irú èyí tí Mercedes ṣe títí di 1985, mọ̀ pé alẹ́ àná ni sítáàtì òwúrọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo. Ti dísẹ́ẹ̀lì kò ní. Písìtìn ló máa ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ra, nínú 300D, títí yóò fi ku nǹkan bí ìdá kan nínú mọ́kànlélógún, tí yóò sì gbóná débi pé epo tí nọ́súlù bá tú sí i yóò gbiná fúnra rẹ̀. Ọgbọ́n Rudolf Diesel, ará Jámánì, nìyẹn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì yege nínú ìdánwò ní Augsburg ní 1897. Àmọ́ bí irin bá ti tutù jù, irin náà á fa ooru yẹn mu, èéfín funfun lásán ni yóò máa jáde.

Ìdí nìyí tí hítà púlọ́ọ̀gì fi wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún sílíńdà márààrún tí 300D ní. Awakọ̀ á yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, iná kékeré á tàn ní dáṣíbọọ̀dù, á sì dúró kí ó kú kó tó sítáàtì. Nínú àwọn ti àkọ́kọ́, ojú wáyà kan ni Mercedes to gbogbo wọn sí: bí ọ̀kan bá jó, gbogbo rẹ̀ kú. Nígbà tó yá, wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀. Ìyẹn dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó tún ń tan awakọ̀ jẹ, torí ọ̀kan nínú márààrún lè kú nígbà ooru láìsí ẹni tó fura. Kí òtútù tó dé ló yẹ kí mẹkáníìkì ti dán wọn wò níkọ̀ọ̀kan.

Bátìrì náà ń jìyà. Ní -18°C, agbára rẹ̀ a máa dín tó ìdajì, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń ki, tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣòro yí. Ọ́ìlì 5W-40 sàn ju 15W-40 lọ níbẹ̀.

Epo fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìda wà nínú dísẹ́ẹ̀lì, òtútù á sì mú un dì bí epo pupa ṣe ń dì lásìkò ọyẹ́, á wá dí fílítà. Nítorí náà ni ilé epo ìlú olótùútù fi ń ta dísẹ́ẹ̀lì ìgbà òtútù. Àwọn awakọ̀ àtijọ́ máa ń lú u pọ̀ mọ́ kẹrosíìnì. Bó bá pọ̀ jù, ó ń jẹ pọ́ǹpù, torí kò ní ọ̀rá tó.

Ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dán wò ni kó máa fín íítà sí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Hítà púlọ́ọ̀gì tó ti pọ́n lè tan án kí àsìkò tó tó, kí písìtìn fọ́. Bí ọkọ̀ bá kọ̀, kí wọ́n wọ́ ọ lọ sí gáráàjì tó gbóná, kí ó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ìda inú epo á yọ́, bátìrì náà á sì jí.