Ibi Tí Ìmọ́lẹ̀ Ojú Tẹlifíṣàn Ti Ń Wá

Plasma ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà fi ń pe gbogbo tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ, bẹ́ẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti ṣíwọ́ ṣíṣe plasma gan-an tipẹ́: Panasonic dáwọ́ dúró ní òpin ọdún 2013, Samsung àti LG sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2014. Àṣìpè yìí kì bá tí jẹ́ nǹkan bàbàrà, bí kì í bá ṣe pé orúkọ ni oníbàárà sábà máa ń ná lọ́jà, tí kì í sì í béèrè ohun tó ya ojú tẹlifíṣàn kan sọ́tọ̀ sí òmíràn, ìyẹn ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń wá.

Èyí tó pọ̀ jù lórí àtẹ lónìí ni LCD, ojú tí kò lè dá tan ìmọ́lẹ̀. Inú rẹ̀ ni èròjà kan wà tó ń ṣàn bí omi, síbẹ̀ tí àwọn hóró inú rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ bí ti iyọ̀. Friedrich Reinitzer, onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Austria, ló kọ́kọ́ kíyè sí irú rẹ̀ ní ọdún 1888. Bí iná mànàmáná bá kan àwọn hóró náà, wọn a yí padà, wọn a sì ṣílẹ̀kùn tàbí kí wọ́n tì í mọ́ ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn wọn. Ní àtijọ́, gílóòbù gbọọrọ bí ọ̀pá ló ń tan ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn yìí. Nígbà tí àwọn gílóòbù kéékèèké tí à ń pè ní LED gba ipò rẹ̀, àwọn olùtajà sọ tẹlifíṣàn náà ní LED, ṣùgbọ́n LCD náà ni. Àléébù rẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn náà kì í pa dé tán, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ a máa yọ́ jáde, òkùnkùn inú fíìmù a sì dà bí eérú. Láti dín èyí kù ni wọ́n ṣe ń pín gílóòbù ẹ̀yìn sí agbègbè-agbègbè tí a lè pa lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tó gbéṣẹ́ jù lọ nínú mini-LED, nítorí pé gílóòbù tirẹ̀ kéré, ó sì pọ̀ lọ súà. QLED náà kò jáde kúrò nínú ìdílé yìí. Ohun tí wọ́n fi kún un ni hóró tín-ín-tìn-ín tí títóbi rẹ̀ ń pinnu àwọ̀ tí yóò mú jáde, ìmọ̀ tí Moungi Bawendi, Louis Brus àti Alexei Ekimov tìtorí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2023. Àwọ̀ ló ń tún ṣe. Kò sọ òkùnkùn di dúdú.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ló ya OLED sọ́tọ̀ sí LED, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà jìn. Ching Tang àti Steven Van Slyke, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Kodak ní Amẹ́ríkà, fi hàn ní ọdún 1987 pé èròjà oníkábọ́ọ̀nù tó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè dá tan ìmọ́lẹ̀ bí iná bá gba inú rẹ̀ kọjá. Nítorí náà, ẹyọ àmì kọ̀ọ̀kan tí àwòrán pín sí ló ń tàn, tó sì ń kú, láìfi ti èkejì ṣe, òru a sì dúdú bí òru. Fún ẹni tó ń wo fíìmù nínú yàrá tó ṣókùnkùn, kò sí èyí tó dára tó o. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í sábà tó ti mini-LED nínú pálọ̀ tí oòrùn ń wọ̀, àwòrán tí kì í kúrò lójú kan, bí àmì ilé-iṣẹ́ ìròyìn tó máa ń wà ní igun, sì lè fi àpá tí kò ní parẹ́ sílẹ̀ lára rẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ń tan ìròyìn sílẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ kò gbọdọ̀ rà á.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sábà máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ gbogbo tẹlifíṣàn sókè jù, wọn a sì máa fi òdòdó àti òkun hàn, èyí tí kò lè tú àṣírí kankan. Ó sàn kí oníbàárà béèrè fún ìran òru, kí ó sì lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́, nítorí pé irú LCD tí à ń pè ní VA, tí dúdú rẹ̀ jinlẹ̀, ni àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí lójú ẹni tó bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́. Bó bá jẹ́ OLED tókunbọ̀ ni, kí ó ní kí wọ́n fi àwọ̀ eérú nìkan kún gbogbo ojú rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àpá ti ń yọ.