Ọwọ́ Olówò Ni A Ti Ń Ra Òwò, Kì Í Ṣe Ọwọ́ Alágàtà

Lẹ́yìn ìkórè ni owó máa ń wà lọ́wọ́ àgbẹ̀, àkókò náà sì ni àwọn alágàtà máa ń rìn wá sí ibùdó wa. Ọ̀kan á ní òun mọ ẹnì kan tó fẹ́ ta ilé ìlọta nínú ìlú. Òmíràn á ní ṣọ́ọ̀bù kan wà nílẹ̀ tí wọ́n ti ń ta ọṣẹ, ṣúgà àti tòmátò alágolo, kí ẹni tó bá lówó wá gbà á. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹbí tó gbójú lé iṣu àti ọkà bàbà nìkan kì í fi bẹ́ẹ̀ rí owó nígbà òjò títí iṣu tuntun yóò fi jáde, bẹ́ẹ̀ owó ilé-ìwé ọmọ kì í dúró de iṣu. Ṣùgbọ́n owó tí tọkọtaya fi ọdún mẹ́ta kó jọ lè bọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bá ẹ̀yin ará ibùdó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

A kò ní kí ẹ sá fún alágàtà, ẹni tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní dìlálì. Ó wúlò. Ó mọ ẹni tó fẹ́ padà sílé, ó mọ opó tí kò lè bójú tó ẹ̀rọ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ó sì gbọ́ Hausa ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Ohun kan ni kí ẹ má ṣe gbàgbé: ọjọ́ tí ọjà bá tà ni owó rẹ̀ ń wọlé. Bí ọjà kò bá tà, ó ti rìn lásán. Nítorí náà, bó ti wù kí ó jẹ́ èèyàn dáadáa tó, kò lè sọ fún yín pé kí ẹ má rà.

Ẹ kọ́kọ́ bi í ta ni yóò san owó rẹ̀. Ní ọjà ilẹ̀ Hausa, la'ada ni orúkọ owó yìí, ọ̀nà méjì ni wọ́n sì ń gbà á. Bí ó bá jẹ́ la'ada ciki, inú iye tí ẹ dúnàádúrà sí ni owó náà wà, olùtà ni yóò yọ ọ́ fún un. Bí ó bá jẹ́ la'ada waje, ẹ̀yin olùrà ni yóò san án lọ́tọ̀ lórí iye ọjà. Ẹni tí kò bá béèrè lè rò pé òun ti dúnàádúrà tán, kí wọ́n tún wá na ọwọ́ sí i. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń gbà á lọ́tùn-ún lósì láìjẹ́ kí ẹnì kìíní mọ̀ nípa ẹnì kejì. Ẹ jẹ́ kí ó dá a lóhùn níwájú olùtà.

Ohun tí alágàtà máa ń kà sí wa létí ni owó tó ń wọlé. Owó tó ń jáde kì í sí lẹ́nu rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Ká ní wọ́n pe ilé ìlọta kan ní ₦900,000, alágàtà sì ní ₦6,000 ló ń wọlé lójúmọ́. Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 25 lóṣù, ₦150,000 nìyẹn. Alágàtà á ní kí oṣù 6 tó pé, owó yín ti padà. Ó dùn létí! Ẹ wá yọ epo dísẹ́ẹ̀lì ₦3,000 kúrò lójúmọ́, ẹ yọ ₦1,000 fún ọmọ tó ń bá yín lọ ọkà, ẹ yọ ₦500 fún owó ṣọ́ọ̀bù, bẹ́líìtì àti irin ìlọta tó máa ń jẹ. ₦1,500 ló kù lójúmọ́, èyí tí í ṣe ₦37,500 lóṣù. Ẹ fi ₦90,000 ti alágàtà kún ₦900,000, ó di ₦990,000. Yóò ju oṣù 26 lọ kí owó yín tó padà, bí ẹ́ńjìnì kò bá dákú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àpẹẹrẹ ni àwọn iye yìí. Ẹ fi ti ọjà àdúgbò yín rọ́pò wọn. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò yìí tán lè rí i pé òwò náà ṣì dára, ṣùgbọ́n kò ní san ₦900,000 fún un.

Iye tó ń wọlé gan-an ńkọ́? Ẹ má gbà á lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Kí ìyàwó ilé tàbí ọmọ tó mọ ìwé lọ jókòó níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó máa ka mùdù tí wọ́n ń lọ, lọ́jọ́ ọjà àti lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta dísẹ́ẹ̀lì fún wọn, jálá mélòó ni wọ́n ń rà lọ́sẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò mu epo púpọ̀ kò lọ ọkà púpọ̀. Ẹ ṣọ́ àkókò tí wọ́n mú yín lọ wò ó pẹ̀lú. Nínú oṣù ààwẹ̀ Ràmàdáánì, àwọn obìnrin ń gbé jéró wá fún kókò àti kúnú títí di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé ìlọta ló máa ń kún. Ẹni tó bá rà á nítorí èrò yẹn yóò kanrí nígbà tí ààwẹ̀ bá parí.

Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, kì í ṣe èyí tí alágàtà bá mú wá. Ẹ lọ ní kùtùkùtù kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnì, kí wọ́n tàn án lójú yín. Ẹ́ńjìnì tó ti gbóná kí ẹ tó dé kì í fi àìsàn rẹ̀ hàn.

Ọ̀rọ̀ tó dùn wá jù lọ nínú èyí tó wá sọ́dọ̀ wa ni ti ẹbí kan tó san owó tán, tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, tí ọkùnrin kan sì mú ìwé wá pé òun lòun ni ẹ́ńjìnì. Ó yá olùtà lò ni, kò tà á fún un. Òfin sì wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni kò lè ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, àfi níbi tí òfin bá yà sọ́tọ̀. Olùtà ti lọ, alágàtà ní òun kò mọ nǹkan kan, ẹbí náà sì wà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù òfìfo. Ẹ béèrè rìsíìtì tí olùtà fi ra ẹ̀rọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ báńkì tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó wà nínú rẹ̀ bóyá ó fi í dúró fún gbèsè. Ẹ béèrè owó iná, owó ṣọ́ọ̀bù àti owó àwọn òṣìṣẹ́.

Ilẹ̀ àti ilé tún yàtọ̀ sí ẹ̀rọ. Bí ó bá jẹ́ pé ó háyà ṣọ́ọ̀bù ni, onílé ló ni àṣẹ. Ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Bí wọ́n bá ní ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 ní kí á gba àṣẹ: ti gómìnà bí ìwé rẹ̀ bá wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, ti ìjọba ìbílẹ̀ bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ìbílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu alágàtà kò dípò àṣẹ.

Ẹ tún bi àwọn aládùúgbò ìdí tó fi ń tà. Bóyá ẹ̀rọ tuntun méjì ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí olùtà kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò ní ṣí irú rẹ̀ ní àdúgbò kan náà fún ọdún kan tàbí méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn oníbàárà yóò tẹ̀lé e lọ.

Ní ti ìwé, kí orúkọ olùtà àti olùrà wà níbẹ̀, kí wọ́n ka gbogbo ohun tí a rà níkọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnì pẹ̀lú. Kí ẹlẹ́rìí ìhà méjèèjì fọwọ́ sí i, bí ẹ bá sì lè mú Mai Unguwa àdúgbò náà wá, ó dára jù. Ẹni tí kò mọ ìwé kà ní ààbò lábẹ́ òfin: akọ̀wé tó bá bá a kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á, kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún un kí ó tó tẹ̀ka, kí akọ̀wé náà sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i. Bí akọ̀wé bá kọ̀ láti kọ orúkọ rẹ̀, ẹ gbé ìwé yín.

Owó ńkọ́? Ọwọ́ olùtà ni kí ẹ san án sí, ní báńkì tàbí níwájú ẹlẹ́rìí, kí ó fún yín ní rìsíìtì. Bí alágàtà bá ń béèrè àsansílẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà gbà á mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ sọ fún un pé kí ẹlòmíràn náà gbà á. Ẹ di ìdá kan nínú owó ọjà mú fún ọ̀sẹ̀ méjì tí olùtà yóò fi bá yín jókòó, tí yóò fi àwọn oníbàárà hàn yín, kí ẹ sì kọ èyí náà sínú ìwé. Owó alágàtà ló kẹ́yìn. Ẹ san án pé, nítorí ó ṣiṣẹ́ fún un, kí òun náà sì fún yín ní rìsíìtì tirẹ̀.

Ẹni tí kò bá dá lójú lè mú ìwé náà wá sí ọ́fíìsì wa kí ó tó fọwọ́ sí i. A ó kà á fún un ní Yorùbá, a kì í sì gba kọ́bọ̀.