Òrí kì í ṣe agboòrùn

Igi òrí pọ̀ ní ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wa a sì máa fi òrí para kí a tó lọ sí oko. Ó dára bẹ́ẹ̀. Fítámì E wà nínú òrí.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ dúdú wa gan-an ni asà. Ẹni tí ó fi ìpara bó ara ti sọ asà rẹ̀ nù. Ní ti àfín, asà náà kò tó nǹkan lára rẹ̀: oòrùn lè mú kí jẹjẹrẹ yọ sí i lára. Ẹ̀yin tí ẹ bí àfín, òrí nìkan kò tó. Ẹ wọ̀ ọ́ ní aṣọ alápá gígùn, ẹ fi àkẹtẹ̀ dé e lórí, kódà bí ojú ọjọ́ bá ṣú. Kí ẹ sì bẹ olùkọ́ rẹ̀ pé abẹ́ igi ni kí ó ti máa ṣeré.