Ọ́ìlì Ẹ́ńjìnnì: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Onímọ́tò Sùúrùlérè, Yábàá àti Muṣin

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ ara yín lọ síbi iṣẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ wá oúnjẹ òòjọ́ láti ìdájí títí di òru, ẹ̀yin ni a kọ ìwé kékeré yìí fún. A kò kọ ọ́ láti sọ yín di mẹkáníìkì. A kọ ọ́ kí ẹ lè mọ ohun tí ó yẹ kí ẹ béèrè nígbà tí ẹ bá gbé ọkọ̀ lọ fún sáfíìsì, nítorí pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ẹni tí ó bá sì jókòó sábẹ́ igi tí ó ń ka ìwé ìròyìn nígbà tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí ọkọ̀ rẹ̀ kò ní mọ ẹni tí yóò bi léèrè lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá nọ́ọ̀kì mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí Afárá Kẹta.

Iṣẹ́ tí ọ́ìlì ń ṣe

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 2,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, èyí tí kì í ṣe eré rárá, písítìnnì kọ̀ọ̀kan ń gòkè, ó sì ń padà sọ̀ kalẹ̀, ní ìgbà 33 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Irin ọmọ Ògún Lákáayé le lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí irin tí yóò máa ha irin ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ní jẹ. Ọ́ìlì ni alárinà wọn: òun ni ó tẹ́ ara rẹ̀ pẹlẹbẹ sí àárín wọn kí wọ́n má baà fara kanra, òun ni ó ń gbé ooru kúrò níbi tí omi rédíétọ̀ kò lè dé, òun náà ni ó sì ń fọ ẹ̀dú tí epo bẹntiróòlù fi sílẹ̀ kúrò lára irin. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dẹ́rù bà yín pé ọ́ìlì ti dúdú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Àkísà tí kò bá dọ̀tí, kò nu ilẹ̀. Ohun tí ń tán nínú rẹ̀ tí ojú kò rí ni àwọn èròjà tí àwọn tí ó pò ó fi sí i láti máa pa oró ásíìdì àti láti máa gbé ìdọ̀tí dání. Bí ìwọ̀nyí bá ti tán, ìdọ̀tí yóò silẹ̀, yóò sì di ẹrẹ̀ dúdú tí ó ki bí ọ̀dà ní ojú ihò tóóró tí ọ́ìlì ń gbà kọjá.

Ìrìn tí géèjì kò kà

Ẹnu àwọn onímọ́tò kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: kí a pààrọ̀ ọ́ìlì lásán ní 5,000 kìlómítà, kí a sì jẹ́ kí síńtẹ́tíìkì tó 10,000. Ọ̀rọ̀ náà kò burú, ṣùgbọ́n nínú ìwé tí ó bá ọkọ̀ wá, ojú ewé mìíràn wà tí àwọn ènìyàn kì í ṣí, tí ó sọ pé ọkọ̀ tí ó bá ń rìn nínú ooru àti eruku, tí ìrìn rẹ̀ kúrú, tí ó sì ń dúró díẹ̀ rìn díẹ̀, kí wọ́n tètè pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àfi bí ẹni pé abẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba ni ẹni tí ó kọ ojú ewé yẹn dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọkọ̀ tí ó ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan lórí ọ̀nà tí ó já geere yóò rin 5,000 kìlómítà ní nǹkan bí wákàtí 83. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó ń ti Sùúrùlérè gba Ojúẹlẹ́gba lọ sí Yábàá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, tàbí tí ó há sí ojú ọ̀nà Agége ní Muṣin ní ìrọ̀lẹ́, bí ó bá rí 15 kìlómítà rìn ní wákàtí kan, kí ó dúpẹ́. Ní ìrìn bẹ́ẹ̀, 5,000 kìlómítà kan náà yóò gba wákàtí 333. Géèjì ọkọ̀ méjèèjì ka iye kan náà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì èkejì ti ṣiṣẹ́ ìlọ́po mẹ́rin, ó sì ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ lórí ìdúró, láìsí atẹ́gùn tí ń fẹ́ sí i. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó Àkéte ilé ọgbọ́n ń sọ ọ́ìlì di arúgbó lórí ìdúró.

Nítorí èyí ni a ṣe ń gbà yín níyànjú pé kí ẹ máa fi kàlẹ́ńdà kún géèjì, kí ẹ sì jẹ́ kí èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé nínú méjèèjì pàṣẹ. Ọkọ̀ ilé tí ó ń lo ọ́ìlì lásán, tí ó sì ń há sí ojú ọ̀nà lójoojúmọ́, kí ó má ṣe kọjá oṣù mẹ́ta. Èyí tí ó ń lo síńtẹ́tíìkì, oṣù mẹ́fà. Dánfó tí ń ṣiṣẹ́ wákàtí 12 lójúmọ́ yóò ti lo wákàtí 333 tí a wí yìí kí oṣù kan tó pé, nítorí náà oṣooṣù ni tirẹ̀. Ẹni tí kì í jáde ju láti Bode Thomas dé Adéníran Ògúnsànyà láti gbé ọmọ ní ilé ìwé kò gbọdọ̀ rò pé òun bọ́, nítorí pé ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá kì í jẹ́ kí ọ́ìlì gbóná tó láti lé omi àti bẹntiróòlù tí ó ń kán sínú rẹ̀ jáde.

Ọ́ìlì wo ni kí a rà?

Ní ọdún 1975, ọkọ̀ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ilé iṣẹ́ tí ó wà ní ọ̀nà Àgbádárìgì, Peugeot náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná ní ọdún kan náà. Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen tí àwọn bàbá wa ń wà, kò ní omi rédíétọ̀ rárá. Atẹ́gùn àti ọ́ìlì rẹ̀ tí kò ju lítà méjì ààbọ̀ lọ ni ó ń tù ú lára, asẹ́ wáyà lásán ni ó sì fi ń sẹ́ ọ́ìlì. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ọ́ìlì tí ó ki, àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì ìgbà náà sì fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn pé kíki ni agbára. Àwọn ọmọ iṣẹ́ náà ti di ọ̀gá lónìí. Ìjàpá ti lọ, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò lọ, ìyẹn ni ó fi jẹ́ pé 20W-50 ni wọn yóò na ọwọ́ sí, ọkọ̀ yòówù kí ẹ gbé dé.

Nọ́ńbà tí ó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ti ń ṣàn sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, W fúnra rẹ̀ sì dúró fún ìgbà òtútù àwọn òyìnbó. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé e ń sọ bí ó ti ki sí nígbà tí ó bá gbóná. Ọ́ìlì onínọ́ńbà 50 fẹ́rẹ̀ẹ́ ki tó ìlọ́po méjì ti 30 nígbà tí ooru bá tó 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Corolla ọdún 2003 tí ó ti Amẹ́ríkà wá, 5W-30 ni ìwé rẹ̀ pè fún. Honda Accord ọdún kan náà, tí àwọn ará Èkó sọ ní «End of Discussion», 5W-20 ni tirẹ̀. Ihò inú ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí tóóró, ọ́ìlì tí ó bá ki jù yóò sì pẹ́ kí ó tó dé òkè ní òwúrọ̀, nígbà tí irin ń ha irin lọ́wọ́. A kò sọ pé 20W-50 jẹ́ májèlé. Àwọn ìwé ọkọ̀ kan tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ olóoru fàyè gbà á. Ìwé ọkọ̀ ni kí ẹ bi, tàbí kí ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí orí ọmọrí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí.

Lẹ́yìn nọ́ńbà, ẹ wo lẹ́tà API lára ike, èyí tí ń sọ ìpele ọ́ìlì. Èyí tí ó fi S bẹ̀rẹ̀ wà fún ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù, èyí tí ó fi C bẹ̀rẹ̀ wà fún dísẹ́ẹ̀lì. Lẹ́tà kejì ni ó ń sọ ọjọ́ orí. SN jáde ní 2010, SP ní 2020, àwọn tuntun sì lè ṣiṣẹ́ fún ọkọ̀ àtijọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí SF lórí àtẹ ní owó pọ́ọ́kú, ẹ rántí pé kò yẹ fún púpọ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1988.

Ayédèrú

Ní ọjà Ládípọ̀ ní Muṣin, àwọn ọlọ́jà olóòótọ́ pọ̀ tí ń fi gbogbo ẹnu sọ pé epo ni àwọn rù, kí oníyangí má ba tàwọn jẹ́. Oníyangí náà kò sì jìnnà, òun ni ẹni tí ó ń sẹ́ ọ́ìlì tí a ti lò, tí ó ń rọ ọ́ sínú ike tí orúkọ ńlá wà lára rẹ̀. Ẹ ra ọ́ìlì lọ́wọ́ ẹni tí ẹ lè padà bá. Ẹ wo òǹtẹ̀ ẹnu ike bí ó bá pé, kí ẹ sì wo bóyá nọ́ńbà ìpele tí wọ́n tẹ̀ sí ara ike ṣeé kà. Èyí tí wọ́n pò nílé níbí, ẹ wá àmì MANCAP ti SON, àjọ tí ń rí sí ojúlówó ọjà, lára rẹ̀. Kí wọ́n ṣí i ní ojú yín, kí wọ́n sì dà á ní ojú yín.

Fílítà tuntun ni kí ẹ rà pẹ̀lú rẹ̀ nígbà gbogbo. Mẹkáníìkì mìíràn yóò ní èyí tí ó wà níbẹ̀ ṣì dára. Bí ẹni tí ó wẹ̀ tán tí ó tún wọ aṣọ ìdọ̀tí ni.

Géèjì ọ́ìlì

Ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí ẹ tó ṣáná sí ọkọ̀, ní ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, ẹ yọ géèjì ọ́ìlì, ẹ fi àkísà funfun nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́ padà, ẹ tún yọ ọ́. Àárín àmì méjèèjì ni ó yẹ kí ọ́ìlì wà. Bí ó bá kọjá ti òkè, yóò máa hó, bí ó bá sì wà nísàlẹ̀, ẹ bù kún un kí ẹ tó rìn. Bí ó bá ń rùn bí bẹntiróòlù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá funfun ràkọ̀ràkọ̀ bíi kòkó tí a da mílíìkì sí, omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ má ṣe ṣáná sí ọkọ̀ náà, ẹ pe mẹkáníìkì wá wo gáásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì.

Ọ́ìlì tí a ti lò

Èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kọ́ńdẹ́ẹ̀mù kì í ṣe oògùn. Ẹlòmíràn a fi pa ara ajá tí ó ní ẹ̀yi, ẹlòmíràn a fi sí ojú egbò. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lè fa jẹjẹrẹ awọ ara fún ẹni tí ó bá ń kan ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, nítorí náà kí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kì í ṣe bẹntiróòlù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n dà á sí gọ́tà: gọ́tà Muṣin ń lọ sínú kánáàlì, kánáàlì ń lọ sínú ọ̀sà, inú ọ̀sà sì ni ẹja wa ti ń jáde. Kéègì tí ó ní ọmọrí ni kí wọ́n máa gbè é sí, títí tí ẹni tí ó ń kó o lọ yóò fi dé.

Kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ gba ike òfìfo náà, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ gún un ní ìdí, nítorí ike tí kò lu ni oníyangí ń rà. Ọmọ iṣẹ́ lè fajú ro, torí owó ike yẹn ni ó fi ń jẹ àkàrà; ẹ fún un ní owó àkàrà, kí ẹ sì gún ike náà.