Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Nínú Ìpolongo Ìdìbò ní Amẹ́ríkà

Gbogbo wa ni a mọ òwe tí ó wí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odidi. Ìyìn ni a fi òwe yìí ṣe fún ẹni tí ó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi ní í la ọ̀rọ̀ yé e tán. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, a ó rí i pé ó tún ń sọ ohun mìíràn fún wa: ẹni tí ó sọ àbọ̀ kò sọ odidi, inú ẹni tí ó gbọ́ ọ ni ìyókù ti wá. Bí a bá wá pe ẹni tí ó sọ̀rọ̀ lẹ́jọ́ nítorí ìyókù náà, yóò ní òun kò wí bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni yóò sì sọ. Ihò yìí ni àwọn olóṣèlú kan ní Amẹ́ríkà ti ń gbà yọ láti ìparí àwọn ọdún 1960, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ọ̀ràn àwọ̀ ba alátakò wọn jẹ́.

Ṣáájú àkókò náà, odidi ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Ní January 1963, lọ́jọ́ tí George Wallace gba ipò gómìnà Alabama, ó kéde ní gbangba pé ìyàsọ́tọ̀ láàrin funfun àti dúdú yóò wà títí láé. Lẹ́yìn òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964 àti òfin ìdìbò ti 1965, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí di ohun ìtìjú lẹ́nu ẹni tí ó ń wá ìbò gbogbo orílẹ̀-èdè. Lee Atwater, ọmọ South Carolina tí ó fi ètò ìdìbò ṣe iṣẹ́, ṣàlàyé ìyípadà náà fún olùkọ́ ìmọ̀ òṣèlú kan ní 1981. Ó ní ní 1954, èébú gan-an ni olóṣèlú ń bú aláwọ̀ dúdú. Nígbà tí ó fi di 1968, èébú náà ti ń pa ẹni tí ó ń bú u lára. Wọ́n wá ń sọ nípa ọkọ̀ tí ń kó ọmọ ilé-ìwé láti àdúgbò kan sí òmíràn, nípa ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀, àti lẹ́yìn náà nípa dídín owó orí kù. Kò sí àwọ̀ nínú ọ̀rọ̀ owó orí. Ẹni tí ó ní etí ni yóò gbọ́ ọ.

Ọdún 1988 ni Atwater fúnra rẹ̀ fi ọgbọ́n yìí hàn jù lọ. Òun ni ó ń darí ìpolongo George Bush àgbà, tí ó ń bá Michael Dukakis, gómìnà Massachusetts, du ipò ààrẹ. Ètò kan wà ní Massachusetts tí ó ń jẹ́ kí ẹlẹ́wọ̀n lọ sílé fún ọjọ́ díẹ̀, kí ó sì padà. Kì í ṣe Dukakis ni ó dá a sílẹ̀. Gómìnà ẹgbẹ́ Republican kan, Francis Sargent, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1972, ìjọba àpapọ̀ pàápàá sì ní irú rẹ̀. Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ti Dukakis pamọ́: nígbà tí ilé aṣòfin fẹ́ yọ àwọn apànìyàn kúrò nínú ètò náà ní 1976, ó kọ̀ láti fọwọ́ sí i. William Horton, aláwọ̀ dúdú tí ó ń ṣe ẹ̀wọ̀n gbére nítorí ìpànìyàn, gba àyè yìí ní 1986, kò sì padà. Ní 1987, ní Maryland, ó ṣe ọkùnrin kan léṣe nínú ilé, ó sì fipá bá àfẹ́sọ́nà ọkùnrin náà lò pọ̀. Aláwọ̀ funfun ni àwọn méjèèjì.

Ọ̀ràn ńlá ni èyí, ó sì yẹ kí a bi gómìnà léèrè. Al Gore, tí òun àti Dukakis jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, ti bi í ní April 1988, kò sì dárúkọ Horton. Ṣùgbọ́n ní September, ẹgbẹ́ kan tí ó ń ti Bush lẹ́yìn, tí kò sí lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, gbé ìpolówó kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì gbé àwòrán Horton síbẹ̀, pẹ̀lú irun orí rẹ̀ tí ó kún àti irùngbọ̀n rẹ̀ tí ó rú. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ àwọ̀. Ní October, àwọn Bush fúnra wọn gbé tiwọn jáde: àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé, wọ́n sì ń gba ibẹ̀ náà jáde. Horton kò sí níbẹ̀. Àwọn òǹwòran ni wọ́n bá wọn fi í síbẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ pàápàá kò bọ́. William ni ó ń jẹ́. Ẹnu àwọn olùpolongo ni ó ti di Willie. Ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, ìkékúrú orúkọ ni aláwọ̀ funfun fi ń pe àgbàlagbà dúdú, kí ó má baà pè é ní ọ̀gbẹ́ni. Kò sí Yorùbá tí ó nílò ògbufọ̀ fún èyí.

Mo ti fi ìpolówó àkọ́kọ́ náà han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ọ̀pọ̀ wọn kò rí ju pé ọ̀daràn kan bọ́ mọ́ ìjọba tí ó dẹra lọ́wọ́. Kì í ṣe pé wọ́n gọ̀. Àbọ̀ kejì ni kò sí nínú wọn. Ẹni tí kò mọ̀ pé ó pẹ́ tí a ti ń so ọkùnrin dúdú rọ̀ lórí igi láìsí ìdájọ́, nítorí ẹ̀sùn pé ó fọwọ́ kan obìnrin funfun, kò ní ohun tí yóò fi parí gbólóhùn náà. Ará Amẹ́ríkà ní i, bí ó fẹ́, bí ó kọ̀.

Dukakis pẹ́ kí ó tó fèsì, àbọ̀ tí wọ́n sọ ni ó sì fèsì sí, èyí nì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n. Nígbà tí October ń parí lọ, Jesse Jackson sọ àbọ̀ kejì síta: ó ní ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni. Nínú ìwé tí Tali Mendelberg tẹ̀ jáde ní 2001, ó ní láti ìgbà náà ni agbára ìpolówó náà ti ń dínkù, nítorí pé ọ̀pọ̀ olùdìbò kò fẹ́ rí ara wọn bí ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Àwọn onímọ̀ mìíràn dán an wò, wọn kò sì rí i bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, bí kò tilẹ̀ yí ìbò kan padà, ó sàn kí ẹni tí a ń pòwe mọ́ mọ ohun tí a ń fi òwe náà sọ.

Atwater ti ṣèlérí pé kí àwọn tó parí iṣẹ́, àwọn ènìyàn yóò máa rò pé Horton ni Dukakis fẹ́ fi ṣe igbákejì ààrẹ. Èyí mú wa dé orí ohun tí mo fẹ́ pè ní ẹ̀bi àjọrìn. Òwe méjì ń bá ara wọn jà nílé wa lórí rẹ̀. Èkíní ní àgùntàn tí ó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Èkejì ní ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ìkìlọ̀ ni èkíní, ẹnu òbí ni ó ti ń jáde kí ọmọ tó rìn. Ìdájọ́ ni èkejì. Olùpolongo a mú ìkìlọ̀, a fi í ṣe ìdájọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sí Barack Obama ní 2008. Ti àlùfáà rẹ̀, Jeremiah Wright, kì í ṣe àjọrìn lásán: nǹkan bí 20 ọdún ni Obama fi wà nínú ìjọ rẹ̀ ní Chicago, nítorí náà ìbéèrè tọ́, ó sì dáhùn rẹ̀ ní Philadelphia ní March 18 nípa sísọ odidi ọ̀rọ̀ àwọ̀ fún gbogbo ayé gbọ́. Ti Bill Ayers yàtọ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ju bọ́ǹbù ní àwọn ọdún 1970 nítorí ogun Vietnam. Ọmọdé ni Obama, tí a bí ní 1961, nígbà náà. Ohun tí ó pa wọ́n pọ̀ ni pé wọ́n jọ jókòó nínú ìgbìmọ̀ àjọ aláàánú kan ní Chicago lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ní October, Sarah Palin ní Obama ń bá àwọn agbésùnmọ̀mí ṣọ̀rẹ́. Aláwọ̀ funfun ni Ayers. Níbo ni àwọ̀ ti wọ ọ̀rọ̀ náà? Láti inú orúkọ ni. Hussein, tí mùsùlùmí ilẹ̀ wa ń sọ ọmọ ìbejì rẹ̀ láìfòyà, ni àwọn kan ń tẹnu mọ́ nínú ìpàdé ìdìbò, tí wọn kò sì fi nǹkan mìíràn kún un.

John McCain, tí Palin ń bá ṣiṣẹ́, mọ ìtọ́wò ewé yìí. Ní 2000, ní South Carolina, nígbà tí ó ń bá Bush kékeré du àṣẹ ẹgbẹ́ wọn, àhesọ tàn ká pé ó bí ọmọ dúdú kan síta. Ọmọ tí òun àti aya rẹ̀ gbà tọ́ láti Bangladesh ni wọ́n rí. Ó fìdí rẹmi níbẹ̀. Ní October 10, 2008, ní Minnesota, obìnrin kan dìde níwájú rẹ̀, ó ní òun kò lè gbẹ́kẹ̀ lé Obama, pé Lárúbáwá ni. McCain gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní rárá, ọmọlúwàbí onílé ni, àwọn kàn ń jiyàn lórí ọ̀nà ìjọba ni. Wọ́n yìn ín, ó sì tọ́ sí ìyìn. Àmọ́ àbọ̀ kan ṣì kù nínú èsì náà, bí ẹni pé Lárúbáwá kò lè jẹ́ ọmọlúwàbí. Ọjọ́ 9 lẹ́yìn náà ni Colin Powell, tí ó wà nínú ẹgbẹ́ McCain, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé òun yóò dìbò fún Obama. Ó ní Obama kì í ṣe mùsùlùmí, onígbàgbọ́ ni láti ìgbà pípẹ́ wá. Ó wá béèrè pé bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ mùsùlùmí ńkọ́?