Ọ̀gán, Olùkọ́ Àwọn Ọ̀mọ̀lé

Ọ̀tá ilé ni a máa ń pe ikán, nítorí pé kì í dá òpó sí, kì í sì í dá àjà sí. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń mọ, a ó rí i pé ọ̀gá ọ̀mọ̀lé ni. Àwọn ikán kan ń gbin olú sínú ọ̀gán fún jíjẹ. Olú náà kò fẹ́ ooru àpọ̀jù, kò sì fẹ́ òtútù àpọ̀jù. Amọ̀ tó nípọn ni ó ń dáàbò bò ó. Àwọn ihò inú ọ̀gán ni ó sì ń jẹ́ kí ilé náà mí.

Ọgbọ́n yìí ni ayàwòrán-ilé Mick Pearce wò nígbà tí ó ń ya Eastgate Centre ní Harare, olú-ìlú Zimbabwe, tí wọ́n parí ní 1996. Ní òru, fáànù ń fa atẹ́gùn tútù wọ inú kọnkéré tó wúwo. Kọnkéré náà a sì tọ́jú ìtutù di ọ̀sán. Ooru a gòkè, a gba ihò òrùlé jáde.

Ní Burkina Faso, tí ó bá wa pààlà ní àríwá, Francis Kéré kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Gando, tí ó parí ní 2001. Ó po síméǹtì díẹ̀ mọ́ amọ̀, ó sì gbé páànù sókè kúrò lórí àjà kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín wọn. Ní 2022, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Pritzker. Òun kan náà ni ó ya ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun fún Àjàṣẹ́, ní àwòṣe igi ńlá tí àwọn àgbà ń pé jọ sí abẹ́ rẹ̀.

Àwa ńkọ́? Ní Kétu, ní Sábẹ àti ní Àjàṣẹ́, a ń wó ilé amọ̀, a sì ń fi bíríkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti páànù tó wálẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Bí ọ̀sán bá pọ́n, òógùn a bo akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ a sì dúró. Lẹ́yìn náà, a ó máa sanwó iná láti lé ooru tí a fi ọwọ́ ara wa kó wọlé.

A kò ní kí a padà sẹ́yìn. Òjò ń ba ògiri amọ̀ jẹ́ bí òrùlé kò bá yọ síta bò ó. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó ra síméǹtì, ẹ bi ọ̀mọ̀lé yín: níbo ni atẹ́gùn yóò gbà wọlé? Níbo ni ooru yóò gbà jáde? Kí ni yóò ṣíji bo ògiri? Ẹni tí kò bá tíì rí ìdáhùn, kí ó má tíì fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.