Keshi ní Lomé: Bí Togo Ṣe Dé Jámánì

Ní àdúgbò Djidjolé ní ìlú Lomé, níbi tí àwa ọmọ Oòduà, tí àwọn ará ibí ń pè ní Ànàgó, ti ń bá Ewé, Mina àti Kabiyè gbé láìsí gbọ́nmi-si-omi-ò-to, bí àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù bá bẹ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, orúkọ méjì ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́: ti Emmanuel Adebayor, ọmọ Yorùbá tí a bí sí Lomé ní 1984, àti ti Otto Pfister, ará Jámánì tó jókòó sórí àga akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà tí Togo lọ sí Ìdíje Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Jámánì ní 2006. Ẹ̀tọ́ Adebayor ni kí a pe orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a máa dárúkọ Pfister kí a tó rántí Stephen Keshi, ọmọ Nàìjíríà tó kọ́ wọn kí Pfister tó dé, ìyẹn ni ọkàn mi kọ̀ láti gbà, nítorí ẹni tó ro oko tó sì gbin iṣu ni a kọ́kọ́ ń kí, kí a tó kí ẹni tó bá wọn gúnyán.

Láyé àtijọ́, òyìnbó ni ó máa ń ti òkè òkun wá kọ́ wa ní eré yìí. Jack Finch, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Fulham ní Lọ́ndọ̀nù, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní 1949, ní ọdún tí Teslim Balogun, tí wọ́n ń pè ní Thunder, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí púpọ̀ nínú wọn sì fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù níwájú àwọn tó wọ bàtà. Láti ìgbà náà ni ó ti wọ àwọn aláṣẹ wa lára pé ẹni tí yóò kọ́ni gbọ́dọ̀ jẹ́ aláwọ̀ funfun, àfi bí owó bá tán lápò wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lomé láàárín 2004 àti 2006 ni ó kọ́kọ́ já irọ́ yẹn lójú mi.

Ọmọ Illah ní ìpínlẹ̀ Delta ni Keshi, ṣùgbọ́n Azare ní Òkè Ọya ni a ti bí i ní 1962, Èkó ni ó sì ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ní St. Finbarr's tó wà ní Akoka. Ó wà nínú ẹgbẹ́ New Nigerian Bank ti ìlú Bìní nígbà tí wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1983 àti ní 1984, gbogbo ènìyàn sì ti ń wò ó bí ọwọ̀n ilé. Àfi bí àjọ tó ń bójú tó bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà ṣe fi òfin dè é ní 1985 nítorí ọ̀rọ̀ ibùdó ìgbaradì. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ọmọkùnrin náà di ẹrù rẹ̀, ó gba Abidjan lọ, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Stade d'Abidjan, lẹ́yìn náà fún Africa Sports, kí ó tó kọjá sí Lokeren ní Bẹ́ljíọ̀mù, àti sí Anderlecht, níbi tó ti gba ife ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì àti líìgì ní 1991. Ó tún gbá fún Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé. Ọ̀nà rẹ̀ ni àwọn ọmọ Nàìjíríà púpọ̀ tọ̀ dé Yúróòpù, òun náà sì ni balógun àwọn Super Eagles nígbà tí wọ́n gba Ife-Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Adúláwọ̀ ní Tunis ní 1994.

Ẹ kíyè sí ohun kan níbẹ̀: bí wọn kò bá lé e kúrò nílé ní 1985, bóyá ni ì bá gbọ́ èdè Faransé tó fi lè bá ọmọ Togo sọ̀rọ̀ láìsí ògbufọ̀ láàárín.

Nígbà tó gba iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Togo ní Lomé ní 2004, Nàìjíríà ti lé òun àti ọ̀gá rẹ̀, Amodu Shuaibu, kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn Ife-Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Adúláwọ̀ tó wáyé ní Mali ní 2002. Togo kò tíì dé Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé rí, àwọn ènìyàn rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù mẹ́fà, Senegal tó na Faransé ní 2002 sì wà nínú ìsọ̀rí wọn nínú ìdíje ìpegedé fún ti 2006. Zambia nà wọ́n ní 1-0 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Senegal wá sí Lomé, Togo sì nà wọ́n ní 3-1. Kò sí ẹni tó tún na Togo mọ́ nínú ìdíje náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú kò rọgbọ: ní oṣù kejì 2005, Ààrẹ Eyadéma, tó ti wà lórí oyè fún ọdún 38, jáde láyé, rògbòdìyàn sì bẹ́ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi sá lọ sí Gánà àti Olómìnira Bẹ̀nẹ̀. Nínú wàhálà yìí ni Keshi ti ń kó àwọn ọmọ tó tuká sí oríṣiríṣi ẹgbẹ́ lókè òkun jọ, tó ń bá wọn wí, tó ń gbá wọn mọ́ra, tí wọ́n sì ń pè é ní Big Boss.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá 2005, wọ́n lọ bá Congo ní Brazzaville. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Congo ṣáájú, ẹ̀ẹ̀mejì ni Togo bá wọn dọ́gba, kí Mohamed Kader tó gbá ìkẹta sáwọ̀n. Senegal ń na Mali ní Dakar lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n òfo ni, nítorí àmì 23 ni Togo ní, tiwọn sì jẹ́ 21. Adebayor nìkan gbá góòlù 11 wọlé nínú ìdíje náà. Djidjolé kò sùn lóru ọjọ́ yẹn: àwọn ọlọ́kadà tí a ń pè ní zémidjan ń fọn fèrè lọ, wọ́n ń fọn ọ́n bọ̀, ìyá kan tó ń ta abolo àti ẹja díndín sì mú ọmọrí ìkòkò méjì, ó ń fi wọ́n lu ara wọn títí tí ọ̀kan fi tẹ̀, kò sì bìkítà.

Ẹni tó bá ṣe ohun tí ẹnìkan kò ṣe rí, ojú rẹ̀ yóò rí ohun tí ẹnìkan kò rí rí. Ní oṣù kìn-ín-ní 2006, Togo lọ sí Ife-Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Adúláwọ̀ ní Íjíbítì, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì pàdánù, èdè-àìyedè láàárín Keshi àti Adebayor sì di ohun tí gbogbo ayé gbọ́. Àgbò méjì kì í mu omi nínú akèrègbè kan. Èmi kò sọ pé Keshi kò ní ẹ̀bi tirẹ̀, nítorí ọkùnrin tó le ni, kì í sì í tètè yí ohùn padà. Síbẹ̀, kí a lé akọ́nimọ̀ọ́gbá nítorí ọ̀sẹ̀ méjì burúkú, nígbà tó kù díẹ̀ kí ó jẹ èrè iṣẹ́ ọdún méjì, ìwà àìmoore ni. Wọ́n mú Pfister wá. Ní Jámánì, ìjà owó àjẹmọ́nú dé, Pfister fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó tún padà dé kí wọ́n tó kojú Kòríà Gúúsù, Togo sì pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n rí gbá, ẹsẹ̀ Kader náà ni ó ti wá.

Àwọn tó lé Keshi tún ránṣẹ́ pè é padà ní 2007, ó sì wá. Ó kọ́ Mali náà, kí Nàìjíríà tó fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ ní 2011. Ní 2013 ó gba Ife-Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Adúláwọ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, ó sì di ẹnì kejì, lẹ́yìn El-Gohary ti Íjíbítì, tó gbà á gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Nínú ìdíje náà gan-an ni ó ti sọ ní gbangba pé àwọn aláṣẹ Áfíríkà máa ń fún òyìnbó ní àyè àti sùúrù tí wọn kì í fún ọmọ bíbí ilẹ̀ wọn. Ẹni tó bá rántí 2006 yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ta bá a.

Keshi kú ní ìlú Bìní ní oṣù kẹfà 2016. Amodu, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, tẹ̀lé e lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Pápá ìṣeré tó wà ní Asaba ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà Djidjolé, bí àwọn ọmọ bá bi yín léèrè ẹni tó mú Togo dé Jámánì ní ìgbà kan ṣoṣo tó tíì dé Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé, Stephen Keshi ni kí ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn, kí ẹ tó dárúkọ ẹlòmíràn.